Ọ̀rọ̀ Tí A Kì Í Sọ Létí Omi

Nígbà tí ọ̀pá náà kanlẹ̀, "kò" ló dún. Ọ̀pá tó bá wọ omi kì í dún bẹ́ẹ̀. Ìró igi tó gbá sìmẹ́ńtì gbígbẹ ni, ó sì ń ró yí inú táńkì kẹfà ká kó tó jáde lókè.

Morádéyọ̀ ló di ọ̀pá mú lórí àkàbà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó wọ yunifásítì. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún dún kò. Ló bá bojú wo olùkọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àbí ọ̀pá tí wọ́n fún òun yìí kúrú ni.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ náà ni olùkọ́ náà, Ìbídùn Arẹ̀mú, kọ́kọ́ wò. Òkúta kékeré tó wà lára ẹ̀gbà náà dúdú, ìyẹn ni pé Olùṣọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi ọgbà, ń sùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo tirẹ̀, òun náà dúdú. Ìgbà yẹn ló tó mí kanlẹ̀. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá tó yí i ká lọ ro ìdí igi wọn, ẹ̀kọ́ òní ti parí, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ táńkì kẹfà títí òun yóò fi pè wọ́n.

Wọ́n lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kì í bèèrè ìdí nǹkan ní Yunifásítì Òkè-Ìrọ̀rùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé gan-an ni wọ́n máa ń kó wọn lọ sí géètì, kí wọ́n lọ wo àwọn kèrègbè mọ́kànlá tí wọ́n so rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín rí, ẹni tó fi ẹnu tan Olùṣọ́ jẹ lórí ọ̀rọ̀ omi. Òfin ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọgbà sílẹ̀. Wọ́n á pọn omi kún kèrègbè kan fún un láti inú táńkì tó ń lò, wọ́n á ṣí géètì, yóò sì gba inú Pápá Funfun lọ, níbi tí kò sí igi, tí kò sí kànga, tí eruku rẹ̀ funfun bí èlùbọ́ láfún tí wọ́n sá sóòrùn. Tó bá ṣe, afẹ́fẹ́ á gbá kèrègbè padà wá bá ọgbà. Ẹni tó gbé e lọ kì í bá a wá.

Ìbídùn mọ ẹni tó ni ìkọkànlá, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Délékè ni wọ́n ń pè é. Ó tọ́jú ìgò omi méjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìbà tó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún Olùṣọ́ pé oòrùn ló fà á gbẹ. Gbogbo ilé ìwé ló pé jọ lọ́jọ́ tí Olùṣọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Olùṣọ́ máa ń fi "ẹ" bá tọmọdé tàgbà sọ̀rọ̀, Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìbọ̀wọ̀ yẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lédè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, "Délékè, kí lo rí?" ló wí. Kò ní kí lẹ rí. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn lórí ìdúró, wọ́n mọ̀ pé ó ti bọ́ fún ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ Olùṣọ́ pé kó máa yọ "ẹ" kúrò fún ẹni tó ń lọ. Òun ló ronú kàn án.

Ìbídùn tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ lọ sí àfonífojì igi. Táńkì mẹ́fà ni àwọn tó dá yunifásítì sílẹ̀ mọ, mẹ́rin ti là, ó ku méjì. Táńkì kẹfà ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ń mu. Ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń pín in sínú àgbá àwọn ilé, ọ̀la sì ni ọjọ́ ìpín. Táńkì kìíní jẹ́ ìpamọ́. Bí táńkì kẹfà bá pọ̀, Olùṣọ́ á máa já omi ìpamọ́ díẹ̀ sí àfonífojì lọ́sàn-án gangan, kí àwọn igi lè dàgbà, kí àwọn igi náà lè bá wọn pe òjò padà. Bí táńkì kẹfà bá ti ń lọ sílẹ̀, kò ní fún igi ní ẹ̀kán kan. Ọ̀sán mẹ́jọ rèé léraléra tó ti ń bomi rin igi, òjò sì ku oṣù méjì gbáko.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń wo inú táńkì. Ó ti wà rí. Ní ọdún tí àìsí iná le, àwọn àgbà yunifásítì yọ wọ́n jù nù, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ayé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, ojú ara wọn ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ènìyàn ló ń gun àkàbà, ènìyàn ló ń ti ọ̀pá bọ omi, tí yóò sì wí ohun tó rí sínú ẹ̀gbà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà mẹ́ta yẹn nìkan ni Olùṣọ́ ń jí, kí iná má baà ṣòfò. Òfin sì rọrùn: ẹni tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ wò ó kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jábọ̀, irọ́ ni wọ́n ń ka irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ọdọọdún ni Ìbídùn ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ tuntun.

Ẹni tó ń jábọ̀ táńkì kẹfà ni Bàbá Ládìméjì. Ìbídùn bá a lábẹ́ òjìji táńkì kìíní, ó ń gbá ewé jọ. Baba náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń gun àkàbà méjèèjì. Ìyá Ìbídùn ló kọ́ ọ níṣẹ́, kí ìyá tó papòdà, ìdí nìyẹn tí kò fi pe Ìbídùn ní olùkọ́ rí nígbà tí wọ́n bá dá wà.

Ìbídùn kí i kú iṣẹ́, ó sì béèrè táńkì kẹfà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní ó pọ̀.

"Bàbá, ọ̀pá kan sìmẹ́ńtì. Mo wà níbẹ̀."

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn. Ó pọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pín omi kẹ́yìn ni mo ti ń wí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo kàn ń wò ó pé ẹ̀yin oníwèé ṣì ń fún igi lómi. Mo ní bóyá ẹ mọ nǹkan tí èmi ò mọ̀."

Ìbídùn jókòó sórí ilẹ̀ bó ti wà. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ bọ́ sí ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó rí ìyá tó ti ọwọ́ bọ agolo iyọ̀, tó yọ ọ́ lófo, tó sì ń wí pé, "Ìbídùn, iyọ̀ ti pọ̀ o, sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá Àjọkẹ́." Òun á sì gbé abọ́, á sáré. Kò ṣì í gbọ́ rí. Lórí òkè yẹn, wọn kì í wí pé iyọ̀ tán, wọn kì í wí pé epo tán. Ti omi ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Wọ́n gbà pé omi ń gbọ́, tí wọ́n bá sì pe ọ̀rọ̀ yẹn létí rẹ̀, ó lè bínú lọ pátápátá. Wọ́n á ní ó pọ̀, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé á gbé korobá.

"Olùṣọ́ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ní ó pọ̀, ohun tó gbọ́ ni pé ó pọ̀."

Baba náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá sọ ohun tí kò mọ́gbọ́n dání. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara táńkì.

"Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ ní Yorùbá," ló wí.

Òun ni lóòótọ́. Ọ̀kẹ́ méjì ọ̀rọ̀ ló kọ́ ọ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì rántí àárọ̀ tó dé orí "pọ̀". Gíwá yunifásítì ìgbà náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó ń yọ́ Yorùbá sọ bí ẹni ń to àwo. Ojú ti Ìbídùn láti mú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ìyá rẹ̀ wá síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó fún "pọ̀" ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, ó kọjá sí ọ̀rọ̀ tó kàn. Nítorí ìtìjú àárọ̀ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn máa jí lọ́la, wọn ò ní rí omi bu sẹ́nu.

Oòrùn ti ń gòkè. Ọ̀sán gangan ni Olùṣọ́ máa jí, yóò gbọ́ pé ó pọ̀, yóò sì tún já omi sí igi. Lọ́la, nígbà tí ìpín ò bá jáde, wọ́n á wá ẹnu tó parọ́ náà rí. Ohùn Bàbá Ládìméjì ni wọ́n á bá níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń wí ọ̀rọ̀ kan náà. Bí Ìbídùn bá sì lọ tú u fún Olùṣọ́ nísinsìnyí, òun ló ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, torí ẹ̀kọ́ tó fún un ló lábùkù. Kò mọ ohun tí òfin wí nípa olùkọ́ tó kọ́ ẹ̀rọ ní àkọ́ọ̀kọ́tán. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Bàbá ti ka gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. "Jókòó síbí," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n mú mi. Mo ti pẹ́ láyé, o ṣì ní àwọn ọmọ tí ò ń kọ́."

Inú Ìbídùn dùn. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè gbé e gba ibòmíràn. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ẹlòmíràn fẹ́ bá òun gbé e. Lẹ́yìn náà ló rí kèrègbè Bàbá tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀, èyí tó ń mu bó bá ń ṣiṣẹ́, tí okùn rẹ̀ ti gbó. Ó rí i tó rọ̀ sí géètì gẹ́gẹ́ bí ìkejìlá. Ó dìde, ó ní kí wọ́n máa lọ sí Ilé Ìgbọ́ran, níbi tí Olùṣọ́ wà.

Abẹ́ ilẹ̀ ni Ilé Ìgbọ́ran wà, kó lè máa tutù láìlo iná. Ògiri amọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, tó ní ihò tí kò tóbi ju etí ènìyàn lọ. Àwọn tó bá wọbẹ̀ kì í fẹ́ pẹ́. Fún Ìbídùn ó burú ju ti gbogbo wọn lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ohùn rẹ̀ ló sì mú. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ tòní. Ohùn ogún ọdún sẹ́yìn ni, tó dán, tí kò tíì mọ ìyà. Ó fi òkúta ẹ̀gbà rẹ̀ kan ihò náà láti jí i, Bàbá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ kú àárọ̀, olùkọ́ mi," ni ohùn náà wí. "Aago kò tíì tó."

Ìbídùn ní òun wá tún ọ̀rọ̀ kan kọ́ ọ. Ó ṣàlàyé "pọ̀", ó ṣàlàyé agolo iyọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní bí ọmọ orí òkè yìí bá ń sọ ti omi, tó ní ó pọ̀, ó ti tán nìyẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó dé orí "tán", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi nítòsí. Bàbá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Láti inú ògiri ni ìbéèrè ti jáde.

"Ládìméjì kò parọ́?"

"Kò parọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ láìpé."

"Àṣìṣe ẹ̀kọ́ kì í ṣe irọ́," ni Olùṣọ́ wí. "Òfin kò mú ẹnikẹ́ni lórí táńkì kẹfà. Mo ti dá omi igi dúró. Omi ìpamọ́ ni a ó pín lọ́la."

Omijé bọ́ lójú Ìbídùn, ó jẹ́ kó máa bọ́. Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti àárọ̀ tú dànù lára rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn kó lè di ọwọ́ Bàbá mú. Ọwọ́ baba náà tutù. Kò di tirẹ̀ mú padà.

"Olùkọ́ mi," ni ohùn náà tún wí, "ẹ̀yin náà, ọmọ orí òkè yìí ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní àárọ̀ yìí, ẹ jábọ̀ táńkì kìíní. Ẹ ní ó pọ̀. Èwo lẹ ń wí nínú méjèèjì?"

Táńkì kìíní wà ní ìkáwọ́ Ìbídùn, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbà. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá tí orúnkún ti ń dà á láàmú, kò gun àkàbà náà mọ́. Ogójì àtẹ̀gùn ni. Àràárọ̀ ló máa ń dúró nísàlẹ̀, á ké sí Bàbá tó ń gbá ewé lórí ìdérí pé, "Bàbá, tiwa ńkọ́?" Ohun tí Bàbá bá sọ ló máa ń wí sínú ẹ̀gbà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni Bàbá ń wí pé ó dín díẹ̀. Lónìí ló ní ó pọ̀, inú Ìbídùn sì dùn pé ó tún ti lọ sókè, kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ pé níbo ni omi ti wá láìsí òjò.

Ó yíjú sí baba náà.

"Mo rò pé ó yé ọ ni," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́. "Ọmọ ìyá rẹ ṣáà ni ọ́."

Òkúta ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùn pọ́n bí ẹyin iná. Olùṣọ́ ní kó lọ wò ó wá, òun ń dúró.

Wọ́n padà lọ sí ìdí táńkì kìíní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti ìdí igi rí olùkọ́ tó ń gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, wọ́n dúró. Morádéyọ̀ ló wá fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá fi ara ti àkàbà kó má baà mì.

Orúnkún rẹ̀ ń gbiná bó ti ń gòkè. Ó ń ka àtẹ̀gùn, ó ṣìnà níbi ìkẹtàdínlógún, ó fi kíkà sílẹ̀. Ó ń bẹ omi. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó kàn gbọ́ pé ẹnu òun ń wí pé jọ̀wọ́, bó ṣe díẹ̀ náà ni, bó ṣe ìwọ̀n ìlà kan lára ọ̀pá. Nígbà tó dé òkè, ó rí gbogbo ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan: òrùlé àwọn ilé, àfonífojì tó tutù yọ̀yọ̀ pẹ̀lú igi tó ti mu omi wọn, géètì, àti Pápá Funfun tó tẹ́ lọ títí ojú fi dẹ́kun. Ó ṣí ìdérí. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti omi, òórùn eruku ni. Síbẹ̀ ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, torí ohun tí òfin ní kí ènìyàn ṣe nìyẹn.

Kò.

Gbogbo wọn gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Òkúta náà ń jó pípọ́n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ohùn ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sì bá a sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀.

"Ìbídùn, kí lo rí?"

Kò ní olùkọ́ mi mọ́. Kò ní kí lẹ rí. Ìbídùn di etí táńkì mú kó má ṣubú. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ kékeré tó ti kọ́ ẹ̀rọ náà láìpẹ́ yìí, ó sì la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ihò táńkì ló wà, orí rẹ̀ tẹ̀ sínú òkùnkùn ibi tí omi máa ń wà, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni.

"Ó pọ̀," ló wí.

"Mo gbọ́," ni Olùṣọ́ dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo sípíkà ọgbà náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú kíláàsì, nínú ilé ìdáná, lẹ́bàá géètì, pẹ̀lú ohùn Ìbídùn, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wí létí omi rí lórí òkè yẹn: ó tán, ó tán. Àwọn tó ń mu omi lọ́wọ́ gbé ife wọn kalẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí Ìbídùn fi máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń wọ́ géètì ṣí fún un lọ́hùn-ún, ó gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń ha. Kò sí táńkì tí wọ́n máa ti pọn omi kèrègbè fún un. Bàbá Ládìméjì ti tú tirẹ̀ kúrò ní ìbàdí. Ó mì ín sétí, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì fi lé e lọ́wọ́ méjèèjì.

"Gbà," ló wí. "Ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀."